Ọjọ́ Tó Ń Lọ Bó Ṣe Ń Bọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ilé yìí ṣùgbọ́n tí òórùn ọbẹ̀ fà wọlé, ẹ káàbọ̀. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ da ojú rẹ̀ dé, kí iná rẹ̀ má baà máa tàn wọ̀ mí lójú. Ohun tí mo torí rẹ̀ pè yín jọ lálẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó iná, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó fọ́ gíláàsì mi. Ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò yín níran. Àwọn ọjọ́ kan wà tí nọ́ńbà wọn, ẹ kà á láti iwájú, ẹ kà á láti ẹ̀yìn, ọ̀kan náà ni, ẹ sì ti sọ wọ́n di òrìṣà. Òun lẹ fi ń dá ìgbéyàwó, òun lẹ fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ sọ lójú mi pé òun kò ní san gbèsè tí òun jẹ mí àfi tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tún dé, kí ìbùkún lè wà lórí owó náà. Mo gbọ́ o. Mo sì lọ ṣe ìwádìí. 03/02/2030 ni ọjọ́ tó kàn. Àgbà tí kò bá bínú lórí ìyẹn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ó ti kú.

Ọjọ́ tó kó sí yín lórí jù ni ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé ọdún 2020. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: 02/02/2020. Ẹ yọ àwọn ìlà tó dábùú rẹ̀ kúrò, ó di 02022020. Ẹ wá kà á láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì bí àwọn ààfáà ṣe ń ka Kùránì, kò yẹ̀. Àwa tí à ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù kọ ọ́, ó pé. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́ kọ ọ́, ó pé. Àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń fi ọdún ṣíwájú kọ ọ́ ní 20200202, ó tún pé. Èyí tó tẹ́ ẹnu gbogbo ayé lọ́rùn báyìí kò tíì sí láti 11/11/1111, òmíràn kò sì ní sí títí di 12/12/2121. Ìyẹn nìkan kọ́. Òun ni ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n nínú ọdún náà, ó sì ku ọjọ́ 333 kí ọdún parí, torí pé ọjọ́ 366 ni ọdún 2020 ní. 33 nìyẹn, 333 nìyẹn, àwọn náà ń lọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Mo gbà, ó dùn mọ́ni. N kò tíì sọ pé kò dùn.

Ṣùgbọ́n kí ni ọjọ́ náà ṣe fún wa? Ní Èkó, àná rẹ̀ gan-an, ọjọ́ kìíní oṣù, ni òfin tí ìjọba fi de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ tí irú rẹ̀ kò sí láti ẹgbẹ̀rún ọdún ó dín díẹ̀ wá bá ọmọ Èkó lórí ìrìn, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, Bíbélì lọ́wọ́ kejì. Oṣù náà kò sì tíì parí tí wọ́n fi kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà. Ní Beijing, wọ́n ti ṣètò láti ṣí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn nítorí àwọn tí nọ́ńbà ń pa bí ọtí. Àrùn yìí kan náà ló mú kí wọ́n fagi lé e. Ní Amẹ́ríkà, ọdọọdún ni wọ́n máa ń fa ẹranko kan tó jọ òyà jáde lọ́jọ́ kejì Èrèlé ní ìlú Punxsutawney ní Pennsylvania, pé kó wá sọ bóyá òtútù ti fẹ́ lọ. Lọ́dún náà, ó ní òtútù ń lọ. Ẹ̀yin kò béèrè lọ́wọ́ òyà o. Ọpẹ́ ni mo dú fún Ọlọ́run lórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àwọn tó mọ ohun tí wọ́n jí ṣe lọ́jọ́ náà fún yín. Àwọn èèyàn wa ni, àwọn ọmọ àti àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun, ní ìlú Salvador, ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil. Ọjọ́ kejì Èrèlé ni ọdún Yemọja lọ́dọ̀ wọn. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí èrò ti máa ń tò sí etí òkun ní àdúgbò Rio Vermelho, tí wọ́n wọ aṣọ funfun, tí àwọn mìíràn fi búlúù sí i. Oníkálukú mú nǹkan lọ́wọ́: òdòdó, lọ́fíńdà, ọṣẹ, ìyarun, dígí. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn apẹja á gbé apẹ̀rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n á wà á lọ sí ojú ibú, wọ́n á sì gbé e fún un. Láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn apẹja ibẹ̀ ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní 2019, wọ́n lọ. 02022019, nọ́ńbà tí kò ní láárí. Ní 2020, wọ́n tún lọ. Kò sí ìyálórìṣà kan tó dúró létí omi tó ní, Yemọja, ẹ mà kú oríire o, nọ́ńbà yín ti pé. Òdòdó tó tutù lòun fẹ́. Ẹ rí àwọn ọmọ tó gbọ́n bí? Òkun Àtìláńtíìkì ló wà láàárín àwa pẹ̀lú wọn, àwọn ló wá ń hùwà bí ọmọ àgbà.

Ó yá, ẹ mú bébà. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí fásitì, ẹ sún mọ́ iwájú, nítorí ẹ̀yin lẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọdún sílẹ̀, kí ẹ wá kọ ọ́ láti ẹ̀yìn wá. Ohun tó bá jáde ni ọjọ́ àti oṣù tí ẹ ń wá. Ẹ mú 2032. Ẹ yí i padà: 2302. Ọjọ́ 23, oṣù 02. Ó pé. Ẹ mú 2025. Ẹ yí i padà: 5202. Ọjọ́ kejìléláàádọ́ta? Oṣù wo ló ní i? Ẹ jù ú nù. Ẹ ó wá rí i pé níwọ̀n ìgbà tí ọdún bá ti fi 20 bẹ̀rẹ̀, 02 ni yóò máa já sí. Èrèlé ni 02. Nítorí náà, láti 2001 títí di 2099, kò sí oṣù mìíràn tí nọ́ńbà yìí lè ṣẹ̀ sí lọ́dọ̀ wa. Ṣẹ́rẹ́ kò rí i. Òkúdù kò rí i. Ọ̀pẹ, tó ní Kérésìmesì, tó ní gbogbo àdìyẹ ayé, kò rí i. Oṣù tó kúrú jù, tí wọ́n máa ń bu ọjọ́ rẹ̀ jẹ, òun ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún: 29 ni, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú Èrèlé ní ẹyọ kan. Ẹ má fojú di èèyàn kúkúrú mọ́ o. Ẹni tí mò ń bá wí mọ ara rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà, torí pé oṣù ni wọ́n fi ń ṣíwájú, ọjọ́ kejì oṣù ni tiwọn máa ń bọ́ sí nígbà gbogbo, 12 péré ni wọ́n sì ní nínú ọgọ́rùn-ún ọdún yìí. Wọ́n ní dọ́là, wọ́n ní ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá. A fi 17 jù wọ́n lọ. Ẹ fi ìyẹn sí ọkàn tí wọ́n bá tún fi físà dù yín.

Èyí tó kàn yìí ni kí ẹ fi etí méjèèjì gbọ́. Ọdún tó bá fi 19 bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ẹ yí i padà, 91. Kò sí oṣù kọkànléláàádọ́rùn-ún. 18 di 81. 17 di 71. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé 12 tó di 21. Kí ẹ tó rí èyí tó bọ́ sí i, ẹ ti padà sí 29/11/1192. Láti ọjọ́ yẹn títí di 10/02/2001, ó lé ní 800 ọdún, ẹyọ kan kò sí. Ẹ ro ó wò. Gbogbo ẹni tí ẹ ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ògiri ló wá sáyé, tó ṣe bẹbẹ, tó sì lọ láìrí ẹyọ kan. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tó kú lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891, kò rí i, síbẹ̀ òun ló ṣíwájú àwọn tó gbé Bíbélì wá sí èdè wa. Herbert Macaulay kò rí i láti 1864 tí wọ́n ti bí i títí di 1946 tó kú, bẹ́ẹ̀ ó gbógun ti àwọn òyìnbó amúnisìn láìwo nọ́ńbà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ọdún tí ẹ yí padà tó di 5591, ìranù lásán. Tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn ní 31/10/1959. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn: 95910113. Ó jọ nọ́ńbà fóònù gbájúẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán jáde, gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ló sì gbọ́. Òmìnira, 01/10/1960: 06910110. Ẹ̀yin kan á sọ pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ẹ má dá mi lóhùn.

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n fi 800 ọdún retí wá dé, 10/02/2001, Àbámẹ́ta ló bọ́ sí, ọjọ́ òde. Èmi wà láyé. Àwọn ìyá yín wà láyé. Kò sẹ́ni tó mọ̀. A wé gèlè, a nàwó fún onílù, a jẹ ìrẹsì, a padà sílé, a sùn. Kò sí nǹkan tó ṣe wá.

Kódà 11/11/1111 tí ẹ ń fi ẹnu pọ́n yẹn, ta ló yọ̀ mọ́ ọn? Lẹ́tà àwọn ará Róòmù ni àwọn ará Yúróòpù ṣì fi ń kọ nọ́ńbà nígbà náà. MCXI ni 1111 lọ́wọ́ wọn. Ẹ kà á padà, kó dé'bi tó máa dé. Àwọn èèyàn yìí kan náà ni wọ́n sùn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀wàrà 1582, tí Póòpù Gregory kẹtàlá ní kí wọ́n jí ní Ẹtì ọjọ́ 15. Ọjọ́ mẹ́wàá lọ láàárín òru kan, torí pé kàlẹ́ńdà wọn ti ṣìnà lọ́dọ̀ oòrùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ọ̀rọ̀ sí Póòpù lẹ́nu dúró títí di 1752, wọ́n sùn ní ọjọ́ kejì oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, wọ́n jí ní ọjọ́ 14. Nọ́ńbà tí wọ́n fi àṣẹ gé báyìí lẹ wá ń kúnlẹ̀ fún. Àlááji tó kọjú sí wa, tí ọdún Hijira tiwọn ń fi 14 bẹ̀rẹ̀, kò ní ẹyọ kan láti retí: 14 á di 41, wọ́n sì ní láti dúró di ọdún 2001 tiwọn, ó lé ní 500 ọdún sí ìsinsìnyí. Ǹjẹ́ ẹ ti rí i kí ó sọkún? Àwọn baba ńlá wa tó ń fi ọjọ́ mẹ́rin ka ọ̀sẹ̀ kò bi ara wọn ní nọ́ńbà rárá. Ta ló ni ọjọ́, Ọbàtálá ni, Ifá ni, Ògún ni, Ṣàngó ni? Ọjà wo ló ná lónìí? Ó tán.

Ẹ dúró, mo rí ọwọ́ tó nà sókè lẹ́yìn. Ó fẹ́ bi mí pé 11/02/2011 ńkọ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa mú un wá. Lóòótọ́ ni, ọjọ́ Ẹtì yẹn ni Hosni Mubarak kúrò lórí àga ààrẹ Íjíbítì lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ẹ máa ka 11022011 lọ, ẹ máa kà á bọ̀. Àwọn tó kún Gbàgede Tahrir láti ọjọ́ 25 oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí wọ́n sun ìta, tí wọ́n fojú gba tajútajú, ni wọ́n lé e. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà ló ń lé ìjọba lọ, èmi ì bá ti ra kàlẹ́ńdà fún gbogbo àdúgbò.

Ẹ wá jẹ́ ká ti ibẹ̀ bọ́ sórí ìwà, torí ibẹ̀ ni mo ń bọ̀ láti àárọ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ràn ohun tó rí lẹ́yìn bó ṣe rí níwájú. Kí ló rí bẹ́ẹ̀ lára yín? Níwájú mi, ẹ ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ ó ní, "Ẹ ó pẹ́ fún wa o, Bàbá." Mo bá kọ ẹ̀yìn sí yín, mo di Bàbá Kò-sówó. Etí mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Télọ̀ ní Ẹtì laṣọ mi máa jáde. Ẹtì ti lọ ti bọ̀, aṣọ kò lọ, kò bọ̀. Olóṣèlú jó dé inú ọjà kí wọ́n tó dìbò, ó jẹ àgbàdo sísun lọ́wọ́ màmá aláta. Lẹ́yìn ìbò, ọkọ̀ rẹ̀ kọjá, gíláàsì rẹ̀ dúdú bí ọkàn rẹ̀, ó ta pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ sí àtẹ ata. Nọ́ńbà lásán mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ọ̀kan náà ní àlọ àti àbọ̀, ọmọ èèyàn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ tí ẹ bá fẹ́. Mi ò ní tún un sọ.

Ọmọ àbúrò mi kan, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ má wo ojú rẹ̀, ló ní àfi 22/02/2022 lòun máa gbéyàwó. Mo ní, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn, ọjọ́ iṣẹ́. Ó ní ìṣẹ́gun náà ni àwọn ń wá. Wọ́n mú káàdì ìpè wá fún mi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó wà ní Amẹ́ríkà ló ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Káàdì dára, góòlù yí etí rẹ̀ ká, òdòdó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láàárín, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: 02/22/2022. Mo gbé awò ojú mi wọ̀. Mo fi ìka tẹ̀lé e láti òsì lọ sí ọ̀tún, 02222022. Mo fi ìka tẹ̀lé e padà, 22022220. Mo ké sí i. Mo ní, "Ọkọ ìyàwó, oṣù kejìlélógún wo lo fẹ́ ṣe é?" Ó ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún nìyẹn, ẹ má bínú." Mo ní, "Ṣé lọ́hùn-ún la ti máa jẹ ìrẹsì náà?" Káàdì ti jáde. Nọ́ńbà tí ó torí rẹ̀ sọ gbogbo ẹbí di aláìlọ-síbi-iṣẹ́ kò sí lórí káàdì rẹ̀.

Àwọn àlejò tó níṣẹ́ kò lè wá. Àwọn ọmọ fásitì ló kún họ́ọ̀lù, torí pé ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ti gùn lé ìyanṣẹ́lódì láti ọjọ́ 14 oṣù náà, wọ́n sì lo oṣù mẹ́jọ nílé. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n di tilé sínú ọ̀rá. Alága ìjókòó gba gbohùngbohùn, ó ní kí gbogbo wa tẹ 22022022 sórí kakulétọ̀. Mo rí ìyá kan tó yọ kakulétọ̀ ọjà rẹ̀ jáde nínú báàgì, èyí tó ń fi igi kéékèèké to nọ́ńbà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dorí rẹ̀ kodò. 22022022 náà ló rí. Ó tún dorí rẹ̀ kodò. Ó wá na kakulétọ̀ sí mi láì sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ní kí n wá jẹ́rìí. Mo jẹ́rìí. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó sì wù mí kí n má ti fún un padà kíákíá. Ọkọ àti ìyàwó wà pa pọ̀ dáadáa títí di òní. Ìyàwó ló ní sùúrù.

Àwọn tí ẹ ó gbẹ̀yìn mi, ẹ gbọ́ tiyín. 14/02/2041 ń bọ̀, ọjọ́ Falentáìnì, Ọjọ́bọ̀ ni. Mo káàánú àpò àwọn ọkùnrin ọjọ́ náà láti ìsinsìnyí. Èyí tó máa kẹ́yìn nínú ọgọ́rùn-ún ọdún yìí ni 29/02/2092, ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹnikẹ́ni má torí nọ́ńbà bímọ lọ́jọ́ yẹn o. Ọmọ náà á ṣe ọjọ́ ìbí ní 2096, á wá retí títí, torí pé wọn kò fún ọdún 2100 ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, àfi 2104. Ọdún mẹ́jọ láìsí kéèkì. Ta lẹ fẹ́ kó máa bá yín jà? Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù Ọ̀pẹ ló kù tó máa gba ipò lọ́wọ́ Èrèlé, láti 10/12/2101 títí di 29/12/2192. Ó tún di ọdún 3001 nígbà náà. N kò rò pé mo máa lè wá.

Kí ẹ tó dìde, ìkéde kékeré kan kù. Ọjọ́ Àìkú 03/02/2030, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, ni ìdúpẹ́ tèmi. Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni, ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń ṣe ìdúpẹ́. Ìdí nìyẹn. Kò sí ìdí mìíràn, kí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lọ rẹ́rìn-ín níta. Mo ti fún oníhọ́ọ̀lù ní àsansílẹ̀ kó tó mọ ohun tí nọ́ńbà náà jẹ́. Èmi fúnra mi ni n ó kọ káàdì, ọjọ́ á ṣáájú oṣù. Àǹkárá ni aṣọ ẹbí, àwọ̀ osùn pẹ̀lú búlúù díẹ̀. Iye rẹ̀ ni n kò tíì lè sọ; ẹ̀yin náà mọ bí ọjà ṣe rí.